Finn ò ran Santana lọ́wọ́ rárá

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó dáhùn. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Glee, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé kan, dé apá kẹta, níbi tí Finn, ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, ti tú àṣírí Santana ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pé obìnrin ló fẹ́ràn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, pé kò yé ọ ìdí tí inú fi ṣì ń bí àwa èèyàn sí Finn títí di òní, nígbà tó jẹ́ pé ara tu Santana lẹ́yìn náà. Gbogbo ìyẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìparí ọ̀rọ̀ rẹ ló jẹ́ kí n jókòó: o ní ìwọ náà ní ọ̀rẹ́ kan tó rí bíi Santana, pé ọmọ ọdún 17 lẹ̀yin méjèèjì, àti pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o bá a sọ ọ́ síta kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lọ gan-an. Oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni wọ́n fi í hàn. Santana ti bá Mercedes àti Brittany, àwọn ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lọ sínú ẹgbẹ́ akọrin mìíràn, ojoojúmọ́ ló sì ń bú Finn, tó ń fi ìrísí Finn ṣe yẹ̀yẹ́. Èébú náà burú, mi ò ní gbèjà rẹ̀. Finn wá pè é lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, ó ní ohun tó ń jẹ́ kó máa bú èèyàn ni pé ó fẹ́ràn Brittany, tí kò sì láyà láti sọ ọ́. Ó pè é ní ojo. Ọmọ kan tó ń kọjá gbọ́. Ẹbí ọkùnrin tó ń bá Sue Sylvester, olùkọ́ àwọn ọmọ tó ń fi ijó gbárùkù ti àwọn eléré ìdárayá ilé ìwé náà, du ipò aṣòfin ni ọmọ náà. Kò pẹ́, ọkùnrin yẹn ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìpolówó ìbò fún tẹlifíṣọ̀n, pé lẹ́sbíàn ni ọmọbìnrin tí Sue fi ṣe olórí ẹgbẹ́ tó ń kọ́. Wọ́n wá pe Santana sí ọ́fíìsì láti sọ fún un kí ìpolówó náà tó jáde.

Padà lọ wo ojú Naya Rivera, ẹni tó ṣe Santana, nínú ọ́fíìsì yẹn. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, Santana tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́! Ohun tó rí sọ ò ju pé òun ò tíì sọ fún àwọn òbí òun. Ó sì sáré jáde tẹkúntẹkún. Ọmọ ọdún 18 ni mí lọ́jọ́ tí mo wò ó, mo sì pa tẹlifíṣọ̀n, torí mo ti wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn rí.

Ọdún 2009 ni tèmi. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni mo sọ ọ̀rọ̀ ara mi fún, mo sì sọ fún un nítorí pé mo fọkàn tán an ju ẹnikẹ́ni lọ. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa kéré débi pé ó ń dùn mí láti kọ ọ́: ìwé tí mo yá a, tí kò dá padà. Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí Santana ṣe kọ́kọ́ ṣẹ Finn. Ó ti gun àtẹ̀gùn dé ìdajì. Ó dúró, ó fọwọ́ kan mú irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó yíjú padà, ó sì pe orúkọ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ràn. Orúkọ nìkan, kò fi nǹkan kan kún un. Fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, ẹ̀rín náà sì ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá bá mi.

Nígbà tí mo máa fi délé, ọ̀rọ̀ ti délé ṣáájú mi. Ìyá mi ń ká aṣọ ìnura. Wọ́n ká ọ̀kan, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká, wọ́n tún tú u. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, “Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ?”

Mo ní irọ́ ni. Mo tún dárúkọ ọmọkùnrin kan pé òun ni mò ń fẹ́.

Ohun tí àwọn tó ń gbèjà Finn ò rí nìyẹn. Wọ́n rò pé tí wọ́n bá ti fa àṣírí èèyàn jáde, òótọ́ ló máa tẹ̀ lé e. Irọ́ ló tẹ̀ lé tèmi. Ẹni tí wọ́n ká mọ́ kì í ráyè ronú, ohun tó bá lè gbà á sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹnu rẹ̀ máa sọ. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo ti mọ ọjọ́ tí mo máa mú, mo mọ ibi tí wọ́n máa jókòó sí, mo mọ gbólóhùn tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ mi, mo sì wá ń tọ́jú irọ́ bí ẹni tọ́jú ọmọ fún ọdún méje. Ti Santana tiẹ̀ tún le ju tèmi lọ, torí ìpolówó tó ń bọ̀ ò fún un láyè irọ́ pàápàá.

O ní gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ló ṣáà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mọ̀. Àmọ́ kí èèyàn mọ nǹkan sínú yàtọ̀ sí kí wọ́n sọ ọ́ sétí ayé, ìyá àgbà Santana gan-an ló sì fi èyí hàn. Santana jókòó tì wọ́n, ó la ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí a ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, pé bó ṣe yẹ kí ọkàn òun máa fà sí ọkùnrin, obìnrin ló ń fà sí. Èsì ìyá àgbà ni pé gbogbo èèyàn ló ní àṣírí, pé ó ní ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní àṣírí. Wọ́n ní kó jáde nílé àwọn, àwọn ò fẹ́ rí i mọ́. Ká ní ó bá ìyá àgbà sọ ọ́ lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn, bóyá èsì yẹn náà ló máa gbà, mi ò lè sọ. Àmọ́ òun ni ì bá yan ọjọ́.

Ti àwọn òbí rẹ̀ ńkọ́? Eré náà fò ó. Santana kàn sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti sọ fún wọn, wọ́n sì gbà á. Gbólóhùn kan péré. Mo bínú sí àwọn tó kọ eré náà nítorí èyí ju bí mo ṣe bínú sí Finn lọ. Wọ́n fi odindi ìpín kan jẹ́ kí Finn kó àwọn èèyàn jọ láti máa kọrin fún Santana, bíi pé Finn ni àánú yẹ, wọn ò sì fún wa ní ìṣẹ́jú kan péré nínú ilé àwọn òbí yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni àwa tó ti là á kọjá ń dúró láti rí.

Mo mọ̀ pé Finn sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, kí Santana má lọ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀rù yẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ kó ti pè é ní ojo?

Ó ku ti ọ̀rẹ́ rẹ. O ò mọ ohun tó ti fojú rí nílé wọn. O ò mọ ẹni tó ń sanwó ilé ìwé rẹ̀ àti ohun tí ẹni náà lè ṣe bó bá gbọ́. Bí kò bá tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ, má bi í. Bó bá ti sọ ọ́, bi í léèrè ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ẹnu rẹ má bàa ṣèèṣì já. Bí ẹ bá jà, ẹ jà lórí ohun tó fa ìjà.

Lọ́jọ́ kejì tí tèmi ṣẹlẹ̀, èmi nìkan ni mo wà lórí bẹ́ǹṣì tó yẹ kó gba èèyàn mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan tí a kì í bára sọ̀rọ̀ púpọ̀ gbé ìwé ìṣirò rẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ó ní ìbéèrè kẹrin ò yé òun. Kò bi mí ní ohunkóhun nípa àná. A ṣe ìbéèrè kẹrin, a ṣe ìkarùn-ún. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ibi tí ọmọkùnrin kan ti wá sọ fún Santana pé òun lè yí i padà kó máa fẹ́ ọkùnrin, tí àwọn ọmọbìnrin tó kù sì yí i ká, tí wọ́n lé ọmọkùnrin náà dànù. Èyí ni mo pè ní ìrànlọ́wọ́.

O tún béèrè bóyá ìyá àgbà padà wá. Bí o ò bá fẹ́ mọ ìparí eré, má ka ìyókù.

Ó padà wá, àmọ́ ó di oṣù kejì ọdún 2015, nígbà ìgbéyàwó Santana àti Brittany. Ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ṣe é, torí òfin Ohio tí wọ́n ń gbé ò tíì gbà á nígbà náà. Oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó wá fàyè gbà á ní gbogbo ìpínlẹ̀, láti inú ẹjọ́ kan tó wá láti Ohio gan-an. Ìyá àgbà ò yí ìgbàgbọ́ wọn padà. Wọ́n kàn ní àwọn ò fẹ́ pàdánù ọjọ́ ayọ̀ ọmọ ọmọ àwọn. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ láàárín ìgbà méjèèjì.

Ní tèmi, ọdún 2016 ni mo tó rí ìyá mi mú jókòó. Mo ní láti kọ́kọ́ tú irọ́ àtijọ́ ká, àti ọmọkùnrin tí mo dárúkọ, kí n tó dé ibi tí mo ń lọ. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ń ká aṣọ ìnura pé irọ́ ni mo ń pa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ohun tó ń dun àwọn látọjọ́ yẹn ni pé gbogbo ilé ìwé ti gbọ́ ọ kí àwọn tó gbọ́.