A fẹ́ yí gírámà èdè kọ̀ǹpútà wa padà: kí ni a ó ṣe sí fáìlì àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè kékeré kan wà nínú sọ́fítíwíà wa tí àwọn oníbàárà fi ń kọ òfin ìṣirò. A fẹ́ fi `match` kún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ (ọ̀rọ̀ tí èdè náà fi pamọ́ fún ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi sọ nǹkan lórúkọ mọ́). A tún fẹ́ kí `=` inú `if`, tó ń ṣe ìfiwéra tẹ́lẹ̀, máa fi iye sínú variable (orúkọ tó ń di iye mú), kí `==` gba iṣẹ́ ìfiwéra. Báwo ni a ó ṣe é tí fáìlì tí wọ́n ti kọ kò fi ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ohun méjì tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kò tó ara wọn. Ti `match` fúyẹ́. `=` gan-an ni ewu wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ mú ìlà kan, kí ẹ wo ohun tí parser àtijọ́ (apá sọ́fítíwíà tó ń ka kóòdù) ń ṣe sí i àti ohun tí tuntun yóò ṣe sí i. Bí ti àtijọ́ bá kọ̀ ọ́ tí tuntun gbà á, kò sí wàhálà, torí kò lè sí nínú fáìlì tó ń ṣiṣẹ́. Bí ti àtijọ́ bá gbà á tí tuntun kọ̀ ọ́, oníbàárà á bínú, ṣùgbọ́n á rí ìlà tó ní àṣìṣe. Èyí tó burú jù ni kí méjèèjì gbà á, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀: fáìlì á ṣiṣẹ́, ìdáhùn rẹ̀ kò ní tọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Ibẹ̀ ni `=` yín wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti `match`. Nígbà tí ẹ̀dà 3.7 èdè kọ̀ǹpútà Python sọ `async` di ọ̀rọ̀ àyàsọ́tọ̀ pátápátá ní 2018, láíbìrì (àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn ń lò) tó ti fi í sọ parameter (iye tí a ń fún function) lórúkọ kò ṣe é kà mọ́ rárá. Nígbà tí `match` dé nínú 3.10 ní 2021, wọn kò tún un ṣe bẹ́ẹ̀: ibẹ̀rẹ̀ gbólóhùn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ àkànṣe, níbòmíràn orúkọ lásán ni. Ṣùgbọ́n `match (x)` lè jẹ́ pípe function. Àmì `:` àti `case` tó tẹ̀ lé e ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Parser tó ń wo token kan ṣoṣo (ọ̀rọ̀ tàbí àmì kan nínú kóòdù) níwájú kò lè mọ̀ ọ́n. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe bíi ti èdè C#, tó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ (`yield return`), ohun tí kò bófin mu rí tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku `=`. Ẹ má ṣe gbé àmì kan láti ìtumọ̀ kan bọ́ sí òmíràn tààrà. Kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀dà àtijọ́ gba `==`, kí àwọn èèyàn lè ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó tọ́ níbi méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ fún wọn. Python 3.0 yọ `u""` (ọ̀nà tí Python 2 ń gbà kọ ọ̀rọ̀ Unicode) kúrò, èyí sì ni àwọn tó fẹ́ kí kóòdù wọn ṣiṣẹ́ nínú 2 àti 3 lára, ni 3.3 bá dá a padà ní 2012. Lẹ́yìn náà, ìkìlọ̀ lórí `=`. Lẹ́yìn rẹ̀, error. Èdè PHP ṣe bẹ́ẹ̀ sí `a ? b : c ? d : e` (yíyan iye kan nínú méjì, tí a kó sínú ara wọn) tí kò ní àkámọ́: 7.4 kìlọ̀ ní 2019, 8.0 kọ̀ ọ́ ní 2020. Bó bá jẹ́ èmi ni, orí error ni n ó dúró sí. Fífi iye sínú variable láàárín `if` kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ da oníbàárà láàmú.

Ìkìlọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí kì í ṣe ìkìlọ̀ o. Láti 3.6 ni Python ti ń kìlọ̀ nípa `"\d"` (àmì `\` tí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e kò ní ìtumọ̀ àkànṣe), ṣùgbọ́n irú ìkìlọ̀ tó máa ń fara pamọ́ ni, 3.12 ló sọ ọ́ di èyí tó hàn sójú.

Ẹ jẹ́ kí fáìlì fúnra rẹ̀ sọ ẹ̀dà rẹ̀ lórí ìlà àkọ́kọ́: `version 2`. Èyí tí kò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀dà 1 ni títí láé. Ẹ má fi í sí option orí command, nítorí fáìlì àtijọ́ àti tuntun á wà pọ̀ nínú iṣẹ́ kan náà. Èdè Rust gba irú ọ̀nà yìí pẹ̀lú edition (ẹ̀dà èdè tí kóòdù fúnra rẹ̀ ń yàn): crate (àpò kóòdù) 2015 àti crate 2018 ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ètò kan, bí ẹ bá sì nílò orúkọ àtijọ́ tó ti di àyàsọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ ní `r#async`. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé gbogbo edition ń di irú igi kan náà (bí kóòdù ṣe rí lẹ́yìn tí a ti kà á tán) nínú compiler, ètò tó ń tú kóòdù sí èdè ẹ̀rọ. Parser nìkan ni kí ẹ pín sí méjì. Bí ẹ bá pín interpreter (apá tó ń mú òfin náà ṣiṣẹ́) náà, ẹ ó máa tún àṣìṣe kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ irinṣẹ́ tó máa bá wọn yí fáìlì padà. Kó ṣiṣẹ́ lórí token àti ibi tí ó wà, kó pààrọ̀ `=` inú `if` nìkan. Bí ẹ bá tẹ igi náà jáde padà, comment (àlàyé tí òǹkọ̀wé fi sínú kóòdù) àti àlàfo á sọnù. Bí ẹ bá sì lo wá-kí-o-pààrọ̀ lásán, á ba inú string (ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì `"`) jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi parser àtijọ́ ka fáìlì àtijọ́, ẹ fi tuntun ka èyí tí irinṣẹ́ yí padà, kí ẹ fi igi méjèèjì wéra. Bí wọn kò bá bára mu délẹ̀, irinṣẹ́ náà kò tíì ṣeé fún oníbàárà.

Irinṣẹ́ náà kò ní rí òfin tí ètò mìíràn ń kọ jáde nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìkìlọ̀ nìkan ló lè mú irú ìyẹn, nítorí náà kó dárúkọ fáìlì, kó sọ nọ́ńbà ìlà, kó sì kọ ohun tí wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀.