Èsì fún Ìyá Tọ́mi: irin tí wọ́n fẹ́ fi dé eyín ọmọ

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Tọ́mi. Ẹ ní ṣé irin tí dókítà eyín fẹ́ fi dé eyín inú lọ́hùn-ún fún Tọ́mi kò ní dógùn-ún sí i lẹ́nu. Ẹ̀rù yẹn ba èmi náà nígbà tó kan ọmọ tèmi níbí ní Àkúrẹ́.

Kì í ṣe irin páànù o. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí tó ń dán ni. Kírómíọ̀mù, irin kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, ló ń ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lójú tí itọ́ kò fi lè jẹ ẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì, irin mìíràn tó wà nínú rẹ̀, ni kí ẹ ṣọ́, torí ara àwọn kan kọ̀ ọ́. Ṣé etí Tọ́mi máa ń yún un, tó ń ṣomi, bó bá fi yẹtí olówó pọ́ọ́kú oníníkẹ́ẹ̀lì inú Ọjà Ọba sí i? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà, ohun mìíràn wà tí wọ́n lè lò.

Èyí tí èmi ò ní gbà fọ́mọ kékeré ni àdàlù fàdákà àti mákúrì (irin olómi) tí wọ́n fi ń dí ihò eyín. Láti 2018 ni European Union, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti ní kí wọ́n yéé fi sẹ́nu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, àfi tó bá di dandan.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ọmọ mi ń fahọ́n tọ́ ọ ṣáá, ó ní eyín náà ga jù. Nígbà tó yá, ó ń yanu han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri! Bí eyín náà bá máa ká, tòun tirin ni yóò jọ bọ́. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ìyẹn lè fà á yọ.