Ohun tí Ojú Mi Rí ní Oṣù 18 Lórí Oúnjẹ Kẹ́tò

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá oúnjẹ kẹ́tò bá gbogbo ènìyàn lára mu fún ọdún gbọọrọ, àgàgà ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá líle. Ẹni tó béèrè sọ pé òun ń sáré lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, òun sì ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì, àti pé oṣù mẹ́ta rèé tí òun ti pa oúnjẹ onísítáàṣì tì. Ìdáhùn mi ni pé kò bá gbogbo ènìyàn mu. N kò sọ ọ́ bí ẹni tó dúró lókèèrè, nítorí oṣù 18 gbáko ni mo fi jẹ ẹ́. Mo ń wọn oúnjẹ lórí òṣùwọ̀n, mo ń gún ìka láràárọ̀ láti fi yẹ kítóònù inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, mo sì ń bá ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀ òdì sí i jiyàn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Kẹ́tò tí mò ń wí yìí kì í ṣe pé kí ènìyàn kàn dín ṣúgà kù. Oúnjẹ tí kaboháídíréètì inú rẹ̀, ìyẹn sítáàṣì àti ṣúgà, kò tó gíráàmù 50 lójúmọ́ ni (tèmi kì í kọjá 25 ní ọ̀pọ̀ ọjọ́), tó sì jẹ́ pé inú ọ̀rá ni ara ti ń rí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tó ń lò. Nígbà tí ṣúgà kò bá wọlé bó ṣe yẹ mọ́, ínsúlíìnì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á lọ sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di kítóònù, ọpọlọ àti ọkàn á sì máa lò ó bí epo. Ọdún 1921 ni Dókítà Russell Wilder, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, fún oúnjẹ náà lórúkọ tó ń jẹ́, àwọn tó ní wárápá ló sì tìtorí wọn dá a lábàá. Ìwòsàn ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, dókítà ló ń ṣírò rẹ̀ fún aláìsàn, òun náà ló sì ń ṣọ́ ọ. Àwa tí ara wa le la wá sọ ọ́ di aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ wọ̀, ì báà fún ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo fi kìlógíráàmù mẹ́rin fúyẹ́, ẹnu mi kò sì gba ìròyìn náà. Mo rò pé ọ̀rá ló ń yọ́. Omi ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ara a máa tọ́jú kaboháídíréètì pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní glycogen, bíi gíráàmù 400 sí 500 nínú iṣan àti bí 100 nínú ẹ̀dọ̀, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí ó ṣe ń tán lọ ni omi ń bá a lọ, kíndìnrín náà á sì máa da iyọ̀ nù nítorí pé ínsúlíìnì tó ń bá a dá iyọ̀ náà dúró ti relẹ̀. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ ti wá, àti òòyì, àti iṣan ẹsẹ̀ tó ń ká kò lóru. Mo ń mu omi sí i, ara mi sì ń burú sí i, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ sínú omi ẹran gbígbóná kí n tó jáde lọ sáré.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò ní purọ́, ara tù mí. Ebi tó máa ń pa mí ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ lọ pátápátá. Mo lè fi wákàtí méjì sá eré jẹ́jẹ́ láìfi nǹkan kan sẹ́nu, kí n sì máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tàkúrọ̀sọ. Láàárín oṣù márùn-ún, kìlógíráàmù méje kúrò lára mi tí kò padà, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé kẹ́tò ṣe òun lóore, mo gbà á gbọ́.

Orí pápá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní ìdánrawò kan tí mo máa ń ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun: mítà 400 lẹ́ẹ̀mẹjọ, ìṣẹ́jú àáyá 92 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì sinmi fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láàárín wọn. Mo ní ìwé pélébé kan tí mo ń kọ aago rẹ̀ sí. Ní oṣù keje lórí kẹ́tò, mo sá àkọ́kọ́ ní 92, ìkejì 92, ìkẹta 94. Nígbà tí mo yí kọ́nà tó kẹ́yìn nínú ìkẹrin, itan mi méjèèjì wúwo bí ẹni pé mò ń sáré nínú ẹrẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí. Àyà mi kò tilẹ̀ lù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo kàn ń pe ẹsẹ̀ ni, ẹsẹ̀ kò sì dáhùn. Mo wo aago: 98. Ìkarùn-ún jẹ́ 103. Mo jókòó sórí koríko, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé atẹ́gùn ló pọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí atẹ́gùn kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń ṣèwádìí eré ìdárayá. Tí a bá ń sá eré jẹ́jẹ́, ọ̀rá tó láti gbé wa, ó sì pọ̀ lára ẹni tó tínínrín pàápàá. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti le dé ibi tí ènìyàn kò ti lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, kaboháídíréètì ni iṣan ń fẹ́, nítorí pé òun ló lè jó kíákíá, tó tilẹ̀ lè mú agbára jáde nígbà tí ọ́síjìn kò bá tó. Ọ̀rá kò lè jó láìsí ọ́síjìn, ó sì tún ń gba ọ́síjìn ju ti kaboháídíréètì lọ: lítà ọ́síjìn kan máa ń mú bíi kálórì 5 jáde lára kaboháídíréètì, àmọ́ bíi 4.7 péré lára ọ̀rá. Ẹni tó ń rìn kò ní mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó ti mí dé góńgó, tí kò sí èémí míràn tó lè fi kún un, yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2017, Louise Burke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà pẹ̀lú àwọn ọ̀jáfáfá eléré ìrìn kíákíá, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Òlíḿpíìkì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wọn jọ ṣe ìdánrawò líle, àwọn kan lórí kẹ́tò, àwọn kan lórí oúnjẹ tó ní kaboháídíréètì dáadáa. Ara àwọn oníkẹ́tò mọ ọ̀rá jó lọ́nà tó yani lẹ́nu. Síbẹ̀, ọ́síjìn tí wọ́n ń lò láti rìn ní ìwọ̀n eré kan náà pọ̀ sí i, nígbà tí wọ́n sì tún dé orí kìlómítà 10, àwọn yòókù yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn oníkẹ́tò kò sì jèrè nǹkan kan nínú gbogbo làálàá wọn. Wọ́n tún ìwádìí náà ṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020; èsì kan náà ni.

Èmi náà ní ìwádìí tèmi tí mo máa ń nà sí ojú àwọn alátakò nígbà náà. Ti Stephen Phinney ni, ti ọdún 1983, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ márùn-ún ti jẹ kẹ́tò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi lè wa kẹ̀kẹ́ kó tó rẹ̀ wọ́n kò sì dín kù: ó kúrò ní 147 sí 151. Òótọ́ ni. Ohun tí mo máa ń fò ni pé ènìyàn márùn-ún péré ni wọ́n, pé èsì ọ̀kan yàtọ̀ gidigidi sí ti èkejì, àti pé eré tí kò le púpọ̀ ni wọ́n fi dán wọn wò. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́fà sá eré nínú igbó lè rí ara rẹ̀ nínú ìwádìí yẹn. Oníjàkadì àti eléré mítà 800 kò lè rí ara wọn níbẹ̀, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú kò lè rí i.

Ní ti gbígbé irin tí ẹ mẹ́nu kàn, ohun tí mo rí ni pé irin wúwo tí mo ń gbé lẹ́ẹ̀mẹta sí lẹ́ẹ̀marùn-ún kí n tó sinmi kò yí padà rárá, nítorí pé epo míràn ni iṣan ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn. Èyí tí mo ń gbé lẹ́ẹ̀mejìlá, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, ló dojú tì mí.

Kí ló dé tí n kò fi tètè jáwọ́? Àwọn alágbàwí kẹ́tò ní ara mi kò tíì mọ́ ọn lára ni. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tó pé, wọ́n ní oṣù mẹ́ta, nígbà tí ìyẹn náà pé, wọ́n ní ọdún kan ló ń gbà. Mo gbìyànjú ọgbọ́n kan: mo mu ṣúgà olómi ní òwúrọ̀ ìdíje kan, kí n lè fi ọ̀rá sá apá àkọ́kọ́, kí n sì fi ṣúgà sá ìparí. Inú rírun ni mo fi sáré. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé bí ara bá ti wà lórí ọ̀rá fún ìgbà díẹ̀, iṣan a máa dín agbára rẹ̀ láti jó kaboháídíréètì kù, kì í sì í ṣí ilẹ̀kùn náà padà kíá nítorí pé a kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìfun náà ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gba ṣúgà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan tún wà tí n kò kíyè sí. Kẹ́tò máa ń pa ebi, ohun tó sì dára fún ẹni tó fẹ́ fọn lè ṣe jàǹbá fún ẹni tó ń sáré kìlómítà 60 lọ́sẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò oúnjẹ mi dáadáa, ó tó 600 kálórì tí mo fi ń jẹ kéré sí ohun tí mo ń ná lójúmọ́. N kò sùn dáadáa, inú ń bí mi lórí ohun tí kò tó nǹkan, òtútù sì ń mú ọwọ́ mi. Obìnrin kan tí a jọ ń sáré, tí òun náà wà lórí kẹ́tò, kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin; ó rò pé àṣeyọrí ìdánrawò ni, títí dókítà fi sọ fún un pé ara tí oúnjẹ kò tó ló ń pa iṣẹ́ tí kò kà sí kòṣeémánìí tì, àti pé egungun ló máa ń san gbèsè rẹ̀.

Ní tèmi, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló parí ìjà. LDL mi, kólẹ́sítẹ́róòlù tó ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ti wà ní 104 kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrìndínlógún ó ti di 193. Dókítà bi mí pé kí ni mò ń jẹ láàárọ̀. Mo ní ẹyin mẹ́rin tí a fi bọ́tà dín. Ó ní bọ́tà tó mélòó. Mo dákẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ kẹ́tò ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ àwọn tó tínínrín tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá wà lára àwọn tí tiwọn máa ń ga jù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ọkàn kò kàn àwọn.

Àwọn kan wà tí n kò ní gbà nímọ̀ràn rárá pé kí wọ́n dá kẹ́tò bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lè lo ọ̀rá bó ṣe yẹ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó ń lo àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tó ń mú kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde, tí orúkọ wọn máa ń parí sí “gliflozin”, ní láti ṣọ́ra gidigidi, nítorí pé kítóònù lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó lè pa á, kí ṣúgà rẹ̀ má sì ga tó láti kìlọ̀ fún un. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ínsúlíìnì náà gbọ́dọ̀ rí dókítà ṣáájú, torí ìwọ̀n oògùn àná lè pọ̀ jù fún ara òní.

Lọ́wọ́ kejì, mo mọ bàbá kan tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, tí ìrìn wákàtí kan jẹ́ gbogbo eré ìdárayá rẹ̀. Dókítà ń ṣọ́ ọ, wọ́n ti dín oògùn rẹ̀ kù lẹ́ẹ̀mejì, kò sì wù ú láti padà sí oúnjẹ àtijọ́. N kò rí ìdí tí màá fi dá a lẹ́kun. Ti ẹni tó kàn fẹ́ fọn ni kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi: ìwádìí kan tí Christopher Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018 tẹ̀ lé ènìyàn 609 fún ọdún kan, àwọn kan dín ọ̀rá kù, àwọn kan dín kaboháídíréètì kù, ìyàtọ̀ gidi kankan kò sì sí nínú ìwọ̀n tí àwọn méjèèjì fi fúyẹ́.

Ní báyìí, mò ń jẹ kaboháídíréètì bíi gíráàmù 150 ní ọjọ́ eré jẹ́jẹ́, mo sì ń mú un kọjá 300 ní ọjọ́ tí iṣẹ́ líle bá wà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú àti kété lẹ́yìn eré. Mo fi òróró ólífì àti ẹja rọ́pò bọ́tà. LDL mi já sí 121 láàárín oṣù mẹ́ta. Kìlógíráàmù méjì padà wá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀, kí n tó rántí pé omi tó bá glycogen lọ ló tún bá a bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ máa bá kẹ́tò lọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Kí ẹ sì mú ìdánrawò líle kan ṣoṣo, kí ẹ máa ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lórí ilẹ̀ kan náà, kí ẹ máa kọ aago rẹ̀ sílẹ̀ láìfi atẹ́gùn ṣe àwáwí. Tèmi wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí: ojú ìwé ọ̀tún ni 103 yẹn wà, tòsì ni ti ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn tí mo padà sí jíjẹ ìrẹsì, mẹ́jọ nínú mẹ́jọ, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ 90.