Ṣé gamma ray àwọn ìràwọ̀ lè ṣe wá ní nǹkan tá a bá sùn síta?

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, ọ̀gá. Kabba la wà. Tí ooru bá mú, ìta la máa ń tẹ́ ẹní sí. Ọmọ mi tó wà ní SS2 wá ní àwọn ìràwọ̀ kan ń tu gamma ray, irú èyí tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ ní ọsibítù. Ṣé kò ní ṣe àwọn ọmọ ní nǹkan? Ṣé a lè fojú rí i?

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, màmá wa. Ẹ tẹ́ ẹní yín, ẹ sùn. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa yìí, ìwúwo ẹ̀ tó ti omi tó jìn ní mítà 10, gamma ray yẹn, ìyẹn oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan tó lágbára gan-an, ò lè gbabẹ̀ dé orí ẹní. Àpáta tó yí wa ká ní Kabba gan-an ń tu radiation díẹ̀díẹ̀, a sì ti ń bá a gbé tipẹ́.

Àmọ́ ọmọ yín ò parọ́ o. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n bí pa pọ̀ sójú kan, wọn ò ju mílíọ̀nù ọdún mélòó kan lọ, ọmọdé ni wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn wa. Àwọn ńlá inú wọn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, eré ẹ̀ tó 2,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan, ti gbogbo wọn á wá para pọ̀ lọ kọlu gáàsì tó wà níta. Ojú ìjà yẹn ni proton, èérún tíntìntín inú átọ̀mù, ti ń gba agbára, á kọjá, mágnẹ́ẹ̀tì á dá a padà, á tún kọjá, bíi bọ́ọ̀lù tí ẹni méjì ń gbá síra wọn tí wọ́n sì ń sún mọ́ra, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni eré ẹ̀ ń le sí i. Ó ti di cosmic ray nìyẹn. Tó bá wá gbá gáàsì, gamma ray á jáde.

Èyí ló dùn mọ́ mi jù: láti 1912 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Victor Hess, ti gun bàlúùnù lọ bá cosmic ray lókè, ibi tó ti ń wá ṣòro mọ̀, torí mágnẹ́ẹ̀tì ojú sánmà ń yí i kiri. Gamma ray ò mọ kọ́nà, tààrà ló ń bọ̀. Tó bá wọ afẹ́fẹ́ wa ó máa ń fọ́, ìmọ́lẹ̀ búlúù á bù yẹ̀rì, òun ni awò H.E.S.S. ní Namibia, ní Áfíríkà wa níbí, ń mú. Òun ló rí gamma ray yí Westerlund 1 ká, ọ̀kan lára irú agbo ìràwọ̀ ọmọdé yẹn. Tẹ́lẹ̀, ìràwọ̀ tó bú gbàmù nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni cosmic ray ti ń wá.

Ojú lásán ò lè rí i. Àmọ́ láàárín October, ní nǹkan bí aago 7:30 alẹ́, ẹ kọjú sí àríwá, ẹ máa rí ìràwọ̀ Deneb tó ń tàn dáadáa. Díẹ̀ sókè ẹ̀ ni agbo ìràwọ̀ kan wà lẹ́yìn eruku ojú sánmà, Cygnus OB2, òun náà ń ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ fi han ọmọ yín.