Èló Ló Yẹ Kó Wà Lọ́wọ́ Tíṣà Kó Tó Fi Iléṣà Sílẹ̀ Lọ sí England?

Àbúrò mi, o ní ìṣirò lo ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà, o ti lọ́kọ, o ti bímọ méjì, ₦3 mílíọ̀nù ló sì wà nínú àkáǹtì rẹ. Ẹnì kan ti sọ fún ọ pé iye yẹn á kó gbogbo yín dé England kí ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. O wá béèrè bóyá òótọ́ ni. Kò tó, àbúrò mi. Kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, nítorí mo ti rí ohun tí ojú àwọn tó wá láìní owó tó pọ̀ tó ń rí níbí, n kò sì fẹ́ kí ojú tìrẹ rí i.

Fíṣíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní Iléṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìsọkún ni mo ń gbé, Ifẹ̀ ni mo ti kàwé. Nísinsìnyí, ìlú kékeré kan ní apá àríwá England ni mo wà. Mo mọ iye tí wọ́n ń san fún tíṣà ní Ọ̀ṣun, mo sì mọ bó ṣe ń tán kí oṣù tó dé ìdajì, torí náà n kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé orí igi ni wọ́n ti ń ká owó.

Owó tí gbogbo ènìyàn máa ń bá ọ sọ ni owó tí yóò gbé ọ débẹ̀. Ìyẹn ní òǹkà. Èyí tó ń da ènìyàn láàmú ni owó tí wàá máa ná láti ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú bá balẹ̀ títí owó oṣù àkọ́kọ́ yóò fi wọlé, àti owó tí o gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nílé fún àwọn tó ń wojú rẹ. Nínú gbogbo àwọn tó gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kúrò nílé, bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló mẹ́nu ba méjì yìí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ka owó ọ̀nà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba owó ìlera lọ́wọ́ àlejò tó bá ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Iye ọdún yòówù kó wà lórí físà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gba gbogbo rẹ̀, kí wọ́n tó fún ọ ní físà. Láti oṣù kejì 2024, £1,035 ni fún àgbàlagbà lọ́dún kan, £776 fún ọmọdé. Fún físà ọlọ́dún mẹ́ta, ìwọ nìkan yóò san £3,105. Owó físà fúnra rẹ̀, tí wọ́n sọ di £769 ní oṣù kẹrin 2025, tún gorí ìyẹn, ó di £3,874 lójú iye ọdún náà. Bí pọ́n-ùn kan bá jẹ́ nǹkan bí ₦2,000, ó ti lé ní ₦7.7 mílíọ̀nù. Bí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ méjèèjì bá bá ọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, £13,942 ni lójú iye 2025 yẹn, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦28 mílíọ̀nù, a ò sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n fẹ́ rí £1,270 nínú àkáǹtì rẹ fún ọjọ́ 28 gbáko láìsọ̀kalẹ̀, kó o fi hàn pé o lè bọ́ ara rẹ. Tí ọkọ bá ń bá ọ lọ, £285 ló máa gorí rẹ̀, £315 fún ọmọ àkọ́kọ́, £200 fún ìkejì. Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà ọ́ lè kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn máa gbọ́ bùkátà yẹn ní oṣù àkọ́kọ́, nígbà náà wọn ò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Béèrè lọ́wọ́ wọn, má tijú. Ohun tí n kò fẹ́ kó o ṣe ni èyí tó wọ́pọ̀ nílé báyìí, kí ẹnì kan yá ọ lówó kó wà ní àkáǹtì rẹ fún ọjọ́ 28, kó gba èlé lórí rẹ̀, kó sì kó o padà. Wàá balẹ̀ sí ìlú onílùú láìsí kọ́bọ̀ nínú owó tó o sọ fún ìjọba pé o ní.

Àwọn ìnáwó kéékèèké tún wà: àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Èkó tàbí Àbújá, lẹ́tà TRCN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé èsì láti yunifásítì, àti ọkọ̀ tí wàá máa wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ìwé èsì tèmi fa oṣù púpọ̀ kó tó jáde, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ béèrè rẹ̀ ni mo ń náwó. Ṣùgbọ́n QTS, ìyẹn ìwé tó máa sọ ọ́ di olùkọ́ tí wọ́n dá mọ̀ ní England, ọ̀fẹ́ ni. Láti 2023 ni wọ́n ti ṣí i fún àwa tíṣà ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè. Ìṣirò lò ń kọ́, ìyẹn ti gbà ọ́ láyè. Ẹni tó bá ní kó o san owó kí òun tó bá ọ gba QTS, tàbí èjẹ́ǹtì tó ní kó o san mílíọ̀nù kan kí òun tó bá ọ wá ilé ẹ̀kọ́, yẹra fún un. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba èjẹ́ǹtì láyè láti gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ nítorí pé ó bá a wáṣẹ́. Orúkọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ní àṣẹ láti mú àlejò wọlé wà lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, o lè fi fóònù rẹ wò ó.

Owó inú ilé ìfowópamọ́ wá ńkọ́? Má fi náírà pa gbogbo rẹ̀ mọ́. O rántí oṣù kẹfà 2023, nígbà tí wọ́n jẹ́ kí náírà máa já bó ṣe wù ú. Ẹni tó ní ₦2 mílíọ̀nù ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ó ju $4,000 lọ lójú iye tí báǹkì ń kọ. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kejì 2024, kò tó $1,400 mọ́. Kò ná kọ́bọ̀, owó náà sì ti lọ. Iṣẹ́ ọdún mélòó ni tíṣà fi ń kó ₦2 mílíọ̀nù jọ? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí títí dòní, torí mo mọ àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí. Ṣí àkáǹtì dọ́là ní báǹkì. Bí àjo yín bá kàn ọ́, bí o bá gba owó lẹ́sìn JAMB tàbí WAEC, ṣẹ́ ẹ sí dọ́là lọ́jọ́ náà. Bó jẹ́ $50 péré, ṣẹ́ ẹ.

Mo gbọ́ pé o fẹ́ gba owó ní kọ́pùrétíìfù kún un. Kò burú bí o bá lè san án tán kí o tó lọ. Ṣùgbọ́n rántí àwọn onídùúró rẹ. Mo mọ tíṣà kan tó gba owó kọ́pùrétíìfù jápa, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lára owó oṣù àwọn obìnrin méjì tó fọwọ́ sí ìwé fún un. Ọ̀kan nínú wọn kò ní ju ọdún díẹ̀ lọ kó fẹ̀yìn tì. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló ni wá. Àwọn baba wa ru aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ sì pé wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí ó fi sanwó. Ọmọ irú wọn kò gbọ́dọ̀ fi gbèsè sọ́rùn ẹni tó ṣe é lóore. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ sọ̀rọ̀ oko kòkó bàbá rẹ. Oko tó ń so lọ́dọọdún, tí ìyá rẹ ń jẹ níbẹ̀, tí o bá tà á san owó ìlera fún ìjọba òyìnbó, kí ni wàá padà sí bí iṣẹ́ náà bá yingin?

Ó kù ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí o bá balẹ̀. Ilé ni yóò kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ. Wàá san ti oṣù kan, wàá tún fi owó ìdógò lé e. Láti 2019 òfin kò jẹ́ kí owó ìdógò ilé ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún irú ilé tí tíṣà lè gbà. Ìyẹn ni pé kí o tó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, owó ilé oṣù méjì ó lé díẹ̀ ti jáde. Onílé á tún béèrè ẹni tó máa dúró fún ọ, ẹni tó ń gbé ní England tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Níbo ni àlejò ti máa rí i? Nígbà tí n kò rí ẹni dúró fún mi, owó oṣù mẹ́fà ni onílé kan ní kí n kó wá lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yára lọ gba yàrá kan nínú ilé tí ènìyàn mẹ́rin ń gbé. Ní 2025 wọ́n ti ṣe òfin tuntun tó dín àsansílẹ̀ tí onílé lè béèrè kù, ṣùgbọ́n wọn yóò ṣì máa béèrè onídùúró. Ilé tí ìdílé máa gbà sì lè ṣófo pátápátá, láìsí bẹ́ẹ̀dì, láìsí sítóòfù, láìsí kọ́tìnnì. Kóòtù òtútù, má rà á nílé. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ àlòkù fún iṣẹ́ àánú wà níbí, ibẹ̀ ló ti dẹ̀rùn.

Owó oṣù ńkọ́? Ìparí oṣù ni wọ́n ń san án. Ṣùgbọ́n bí o bá dé lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ̀ka owó ti ti ìwé oṣù yẹn pa, ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e lo máa rí i. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Físà mi pẹ́, mo wọṣẹ́ láàárín oṣù, wọ́n ti pa ìwé dé. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹyin ni mo fi la àkókò yẹn já, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ nínú òjò. Ohun tó gbé mi dúró ni owó tí mo ti yà sọ́tọ̀, tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ sí, títí kan àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Nígbà tí owó oṣù bá sì dé, mọ bó ṣe rí. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2025, tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí kì í ṣe London, ń gba £32,916 lọ́dún. Lẹ́yìn owó orí, owó adójútòfò ìjọba (National Insurance) àti owó ìfẹ̀yìntì, nǹkan bí £2,100 ni yóò wọ ọwọ́ rẹ lóṣù. Fún ẹnì kan, ó tó gbé ìgbé ayé tó dára, ó sì tó fi ránṣẹ́ sílé. Fún ènìyàn mẹ́rin, nígbà tí ọkọ kò tíì ríṣẹ́, ó le gan-an.

Tìtorí náà, iye tí mo máa sọ fún ọ rèé. Lẹ́yìn físà, owó ìlera àti tíkẹ́ẹ̀tì, kí £3,000 ó kéré jù wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o bá balẹ̀ bó bá jẹ́ ìwọ nìkan. £4,000 ni ọkàn á fi balẹ̀. Bí gbogbo ìdílé bá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, má wá pẹ̀lú ohun tó dín ní £8,000. Lójú tèmi, kí ìwọ nìkan kọ́kọ́ wá, kí àwọn yòókù tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn ọdún kan. Mo mọ̀ pé ó nira fún ìyá. Èmi náà fi ọmọ sílẹ̀, alaalẹ́ ni mo ń gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù. Síbẹ̀ wọn ò sùn lébi, ilé tó dáa ni wọ́n sì bá nígbà tí wọ́n dé.

Má gbàgbé owó tí wàá fi sílẹ̀ nílé. Oṣù kẹsàn-án tí o bá ń wọṣẹ́ níbí gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ ń béèrè owó sáà tuntun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá kò ní dúró de owó oṣù rẹ. Àwọn ẹbí á rò pé o ti ń ká pọ́n-ùn láti ọjọ́ kejì, bí òkú bá sì ṣẹ̀ nínú ẹbí, ìpín tìrẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Kó owó oúnjẹ, owó oògùn àti owó ilé ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta sí ọwọ́ ọkọ rẹ kí o tó lọ. Sọ fún gbogbo àwọn yòókù, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n má retí nǹkan kan títí Kérésìmesì.

Bí o bá ń ka ìmọ̀ràn àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Kòríà, tí wọ́n ní owó díẹ̀ tó, kì í ṣe tìwa. Ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ sábà máa ń fún wọn ní ilé, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò sì sí nínú àwọn tí Kòríà ń fún ní físà olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá rọrùn jù lórí owó, torí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ló ń san ilé àti tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n wàá lu òǹtẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí rẹ ní Àbújá kí wọ́n tó gbà á.

Oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ yìí, má fi dandan lé e. Kọ̀wé béèrè fún QTS lọ́sẹ̀ yìí, torí kò ná ọ ní nǹkan kan. Láti oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ni ilé ẹ̀kọ́ ibí máa ń polówó iṣẹ́ jù, torí náà o ṣì ní àkókò láti kó dọ́là jọ kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá kọ lẹ́tà sí ọ, fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí i. Mo máa kà á láti òkè délẹ̀, mo sì máa sọ fún ọ ohun tí wọ́n ń san àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ láti san.