Kí ló sọ gígun Shiprock di èèwọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Navajo?

Ẹ béèrè pé àwọn mẹ́rin kan gun àpáta Shiprock lọ́dún 1939, wọ́n sì gboríyìn fún wọn, kí ló wá dé tí àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi ní kí ẹnikẹ́ni má gùn ún mọ́? Ẹ ní ṣé torí kéèyàn má baà já bọ́ ni.

Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Inú aṣálẹ̀ New Mexico, lórí ilẹ̀ Navajo, ni àpáta náà wà. Ó fi bí 480 mítà ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Nínú ìtàn wọn, àwọn èèyàn ti gbé lórí rẹ̀ rí. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá dáko, wọ́n á sì pọnmi. Lọ́jọ́ kan àrá sán, ó fọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gòkè. Àwọn obìnrin àtàwọn ọmọdé há sókè, ebi sì pa wọ́n kú síbẹ̀.

Navajo kì í fi ibi téèyàn kú sí ṣeré. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá kú sínú ilé, wọ́n á dá ògiri ìhà àríwá lu, ibẹ̀ ni wọ́n á gbé òkú gbà jáde, wọ́n á sì pa ilé náà tì títí láé. Wọ́n gbà pé bí ẹ̀mí bá bọ́, ohun búburú kan tí wọ́n ń pè ní chʼį́įdii máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀, ó sì lè sọ alààyè di aláìsàn.

Àwọn mẹ́rin tó gùn ún lọ́dún 1939, ìyẹn David Brower, Bestor Robinson, Raffi Bedayn àti John Dyer, kúkú gbóyà o. Robert Ormes tó gbìyànjú ṣáájú wọn já bọ́, irin kan tí wọ́n kàn mọ́ àpáta, tó tiẹ̀ tẹ̀, ló gbà á sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin yìí fọwọ́ lu ihò sára òkúta, wọ́n ki bóòtù mẹ́rin bọ̀ ọ́, ìyẹn irin tí wọ́n ń so okùn mọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi gun òkè ní Amẹ́ríkà rí. Ojú ìrẹ́jẹ ni ọ̀pọ̀ agunkè fi ń wo bóòtù nígbà yẹn, ọkàn àwọn fúnra wọn ò sì balẹ̀ sí i. Èèwọ̀ ẹgbẹ́ tiwọn nìyẹn.

Lọ́dún 1970, jàǹbá ṣẹlẹ̀ lórí àpáta náà, ìjọba Navajo sì fòfin de gígùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé òfin náà, ìbẹ̀rù ikú àtohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, bí àṣà wọn ṣe wí, ni wọ́n tọ́ka sí. Òfin náà ṣì múlẹ̀ dòní.