Owó sikọ́láṣíìpù ọmọ dúdú: ibi tí mo ti wá a lásán àti ibi tí mo ti rí i

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀yin ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ní ọmọ yín ń wọ kíláàsì kejìlá ní oṣù kẹsàn-án, Maryland ní Amẹ́ríkà níbí lẹ ń gbé, owó ọwọ́ yín kò gbé e, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sì ní sikọ́láṣíìpù àwọn ọmọ dúdú pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tí yóò gbà á ni wọ́n ń wá. Ẹ wá béèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní African-American.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti la ọ̀nà yẹn kọjá. Ti àkọ́bí mi ní 2016, mo ṣe é, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ti àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 2021 ló gún. Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí, takisí ni ọkọ mi ń wà, ẹ má rò pé olówó ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹni tó ní owó náà pọ̀ kò parọ́, kò kàn sọ ibi tó wà ni. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èmi náà gbọ́. Àkọ́bí mi àti èmi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, à ń wá “sikọ́láṣíìpù fún ọmọ dúdú”, gbogbo orúkọ ńlá tó jáde la kọ sínú ìwé. Fọ́ọ̀mù mẹ́tàlélógójì lọmọ yẹn kọ láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹta. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹyọ kan ló wọlé, $500, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Kì í ṣe pé owó àwọn orúkọ ńlá yẹn jẹ́ irọ́. Ron Brown Scholar Program ń fún ọmọ ní $40,000 láàárín ọdún mẹ́rin. Jackie Robinson Foundation, tí wọ́n fi sọrí Jackie Robinson, ọmọ dúdú tó gbá baseball, tí Rachel ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1973 lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, ń fúnni ní owó tó lè tó $35,000. Ti Coca-Cola jẹ́ $20,000, ṣùgbọ́n ọmọ 150 péré ló ń gbà á lọ́dún ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ àádọ́ta, ọmọ àádọ́jọ. Ọmọ mi mọ̀wé, àmọ́ gbogbo àwọn tó ń bá a du ú ló jẹ́ aṣíwájú kíláàsì tiwọn. Kí ọmọ yín kọ méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn, kò burú. Kó má fi gbogbo òru rẹ̀ sídìí wọn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ka orúkọ fún yín kì í sọ. Èyí tí wọ́n kọ “ọmọ dúdú nìkan” sí lára ń dín kù, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. University of Maryland ní College Park ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi sọrí Benjamin Banneker, ọmọ dúdú Maryland tí wọ́n bí ní 1731, tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ tó fi ń ṣe álímánáàkì. Ọmọ dúdú nìkan ni wọ́n ń fún. Ẹnì kan pe ẹjọ́, nígbà tó sì di 1994, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní kò bófin mu. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ òmíràn, ó di Banneker/Key, ó sì di ti gbogbo ayé. Meyerhoff tó wà ní UMBC, yunifásítì ìpínlẹ̀ Maryland mìíràn, fún àwọn tó fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì dé ipò dókítà ìwé, ọkùnrin dúdú nìkan ló wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní 1989. Obìnrin wọlé ní 1990, gbogbo ẹ̀yà sì wọlé ní 1996. Nígbà tí Supreme Court wá ní oṣù kẹfà 2023 pé yunifásítì kò gbọdọ̀ wo àwọ̀ ara mọ́ bí wọ́n bá ń gbani wọlé, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tún sáré yí tiwọn padà. Gates Scholarship gan-an, ní 2025, ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọmọ tí owó ilé wọn kéré. Ọmọ yín ṣì lè gba Banneker/Key, ó ṣì lè gba Meyerhoff. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ “ọmọ dúdú” nìkan lẹ tẹ̀ síbi ìwákiri, ẹ ò ní rí wọn.

Ọ̀dọ̀ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù wà, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ìjọba, lẹ́yìn náà àdúgbò yín. Èmi gba ẹ̀yìn lọ.

FAFSA lẹ ó kọ́kọ́ kọ, fọ́ọ̀mù tí ìjọba àpapọ̀ fi ń wo owó ilé yín kí wọ́n tó ran ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kó tó bá yín kọ ọ́, ẹ sá fún un. Oṣù kẹwàá ló sábà máa ń ṣí. Inú rẹ̀ ni Pell Grant ti ń jáde, èyí tó ti wà ní $7,395 lọ́dún fún àwọn tí owó ilé wọn kéré jù, tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà padà lọ́wọ́ yín. Ìpínlẹ̀ àti ilé-ìwé náà, òun ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mú owó tiwọn jáde. Mo mọ àwọn ará wa tí wọn ò kọ ọ́ rárá torí “mi ò fẹ́ kí ìjọba mọ àṣírí ilé mi”. Àṣírí wo? Ṣebí ọ̀dọ̀ ìjọba yẹn náà lẹ ti ń san owó orí.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọdún tí wọ́n ń wò. Nígbà àkọ́bí mi, owó tí èèyàn rí lọ́dún tó ṣáájú ni. Ní báyìí, ọdún méjì sẹ́yìn ni. Ọmọ tó bá wọ yunifásítì ní 2026, owó 2024 ni wọ́n fi ṣírò tirẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n wò fún tèmi gan-an ni mo lọ ń ṣe ófátáìmù bí ẹni tí nǹkan ń lé, mo ní mò ń tọ́jú owó ilé-ìwé. Ófátáìmù yẹn ló sọ mí di olówó lójú wọn. Pell fò wá ru.

FAFSA kò sì mọ ẹbí bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ti ń gbé lọ́dọ̀ yín láti kékeré, ẹ kì í ṣe òbí rẹ̀ lójú wọn, àfi tí ẹ bá gbà á ṣọmọ lábẹ́ òfin. Ọkọ tó wà ní Ìbàdàn, tí ẹ ò tíì kọ ara yín sílẹ̀, tí ẹ ò jọ kọ owó orí pọ̀, òun náà ní láti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà, ọjọ́ kan kọ́ lèyí yóò sì fi ṣeé ṣe, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ní green card lè kọ ọ́. Ẹni tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè kọ ọ́.

Tí nǹkan bá wá yí padà lẹ́yìn ọdún tí wọ́n wò ńkọ́? Corona dé ní 2020, kò sẹ́ni tó wọ takisí mọ́, bẹ́ẹ̀ owó 2019 ni wọ́n wò fún ọmọ mi kejì. A kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìrànwọ́ ní ilé-ìwé náà, a so ìwé báńkì mọ́ ọn, a ò sunkún, a kàn sọ iye tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ àti iye tó ń wọlé báyìí. Wọ́n tún un ṣírò, wọ́n fi $3,200 kún un. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè bẹ̀ wọ́n. Àwa tí a máa ń ná ẹ̀wù ní Gbági títí ilẹ̀ fi ń ṣú, a dé ọ̀dọ̀ yunifásítì, a dákẹ́.

Gbogbo ilé-ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ló gbọ́dọ̀ ní ohun tí wọ́n ń pè ní Net Price Calculator lórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ tẹ owó yín sí i, á sọ iye tó ṣeé ṣe kó kù fún yín láti san. Iye tí wọ́n kọ síta kọ́ lẹ ó máa wò. Ilé-ìwé aládàáni tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani lè wá rọ̀ yín lọ́rùn ju ti ìjọba lọ.

Ní ti àwọn HBCU, ìyẹn àwọn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ dúdú láyé àtijọ́, mẹ́rin ló wà nítòsí yín tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀: Morgan State, Bowie State, Coppin State àti University of Maryland Eastern Shore. Ní 2006 làwọn èèyàn wọn gbé ìpínlẹ̀ lọ sí kóòtù pé wọn ò tọ́jú àwọn bí wọ́n ṣe tọ́jú àwọn yòókù. Ó di 2021 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, $577 mílíọ̀nù tí ìpínlẹ̀ yóò máa san láàárín ọdún mẹ́wàá, sikọ́láṣíìpù sì wà lára ohun tí owó náà wà fún. Ọ̀kan nínú wọn lọmọ mi kejì lọ. Máàkì rẹ̀ nìkan ni wọ́n wò tí wọ́n fi fún un ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, torí pé oṣù kọkànlá ló ti fi fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé sílẹ̀, kì í ṣe oṣù kejì bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé ibi ìkómọ, omi ọbẹ̀ ló máa bá. Kí ó kọ fọ́ọ̀mù UNCF pẹ̀lú, àwọn tó ti ń ran HBCU aládàáni lọ́wọ́ láti 1944, àti Thurgood Marshall College Fund tó dojú kọ àwọn ti ìjọba.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn olóṣèlú. Ní Maryland, sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ àti àwọn dẹ́lígéètì ní owó sikọ́láṣíìpù tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ agbègbè wọn. Sẹ́nétọ̀ kan ni agbègbè kọ̀ọ̀kan ní, dẹ́lígéètì sì sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta. Ẹ wá orúkọ wọn, ẹ pe ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, torí oníkálukú ló ní ọ̀nà tirẹ̀, kí ẹ sì rí i pé FAFSA ti wọlé kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Ọmọ mi rí $1,500 lọ́dọ̀ ọ̀kan, $800 lọ́dọ̀ èkejì. Mo ti gbé ìpínlẹ̀ yìí fún ọdún mẹ́rìnlá kí n tó mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà!

Lẹ́yìn náà ẹ wò yíká. Ilé-ìwòsàn tí mo ń ṣiṣẹ́ ní owó fún ọmọ òṣìṣẹ́. Lọ́dún tí tèmi kọ ọ́, àwọn mẹ́rin péré ló kọ ọ́, mẹ́ta sì rí i gbà. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin dúdú bíi Delta Sigma Theta àti Alpha Kappa Alpha, ẹ̀ka wọn tó wà ní ìlú yín ni kí ẹ wá, kì í ṣe olú-ilé wọn. Credit union yín. Ṣọ́ọ̀ṣì yín. Fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlógún lọmọ yìí kọ, mẹ́fà wọlé.

Àròkọ ńkọ́? Àkọ́bí mi kọ pé òun fẹ́ di dókítà kí òun lè ran Áfíríkà lọ́wọ́. Èmi ni mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí. Àbúrò rẹ̀ kọ nípa ìwé àjọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń bá mi kọ ìwé àjọ àwa obìnrin méjìlá, ó mọ ẹni tó dá, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó kó tirẹ̀ tó fẹ́ sá. Ó kọ nípa ọjọ́ tí ó ní láti sọ fún ìyá àgbà kan pé owó rẹ̀ kò pé, àti bó ṣe kúnlẹ̀ sọ ọ́. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì, ọ̀rọ̀ àjọ yẹn ni wọ́n ń bi í ṣáá. Àmọ́ ẹ kọ́ ọ láti wojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ o. Ilẹ̀ ni tèmi kọ́kọ́ ń wò, bí a ṣe tọ́ ọ, wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n wà lára African-American. “Black or African American” tó wà nínú fọ́ọ̀mù gba ẹnikẹ́ni tó bá ti inú ẹ̀yà dúdú Áfíríkà wá, ẹ fi àmì sí i láìṣojo. Ṣùgbọ́n ibòmíràn máa ń sọ ọ́ gbangba pé ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí Amẹ́ríkà ni àwọn fẹ́. Ti àwọn yẹn nìyẹn. Ọmọ wa kò gbọdọ̀ kọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ fi ìtàn ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀ nínú àròkọ. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun àwọn ará ibí. Ní 2004 ni Lani Guinier àti Henry Louis Gates tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard ti sọ ọ́ síta pé ọmọ àwọn àjèjì ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ dúdú tó wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn yẹn ló jìyà kí ilẹ̀kùn yìí tó ṣí.

Kí ẹ tó gba èyíkéyìí, ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ilé-ìwé. Ṣé ọdọọdún ni, kí sì ni máàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní kó má bàa bọ́? Àkọ́bí mi gbọ́dọ̀ ní GPA (ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀) 3.0, kẹ́mísítìrì fà á wálẹ̀ sí 2.94 lọ́dún àkọ́kọ́, $6,000 sì lọ pátápátá. Èkejì: bí owó láti ìta bá wọlé, ṣé ẹ ó yọ ọ́ kúrò nínú tiyín? Ṣọ́ọ̀ṣì wa dá $2,500 jọ fún un lẹ́yìn tó wọlé, ilé-ìwé ìjọba tó wà sì yọ $2,500 gééré kúrò nínú èyí tí wọ́n ti ṣèlérí. Ní 2017 ni Maryland ṣòfin tó dí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba rẹ̀, ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe é nìyẹn. Ilé-ìwé aládàáni àti ti ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ gbọ́ ti ẹnu wọn.

Àlàfo tó kù lọ́dún náà, Parent PLUS ni mo fi dí i. Lóònù òbí ni, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ọmọ. Wọ́n ṣì ń yọ ọ́ nínú àkáǹtì mi lọ́jọ́ kẹrin oṣooṣù. Bí ọmọ yín bá ti kọ àròkọ àkọ́kọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò kì í lọ síṣẹ́ lálẹ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun.